ÀTÚNTẸ̀ ÌWÉ ÀTIJỌ́ ÀTI ÌTÀN ÀWỌN ÌLÚ AFIJIÓ

1. Ìfáàrà

Láàárín Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ ni àwọn ìlú Afijió wà. Fìdítì, tí àwọn arìnrìn-àjò mọ̀ mọ́ ọsàn àti èso mìíràn, wà ní ojú ọ̀nà àtijọ́ tí ó so ìlú ńlá méjèèjì pọ̀. Ìlọrà kò jìnnà sí Ọ̀yọ́ rárá, Akínmọ́ọ̀rìn, Awẹ́ àti Jọ́bẹlẹ̀ sì wà ní agbègbè kan náà. Àwọn ìlú wọ̀nyí kò tóbi tó Ìbàdàn, wọn kò sì ní ọlá ààfin Aláàfin, ṣùgbọ́n ìtàn wọn wé mọ́ ti àwọn méjèèjì. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú ní àwọn ọdún 1830, tí Àtìbà sì sọ Àgọ́-Ọ̀jà di Ọ̀yọ́ tuntun, ìhà gúúsù yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ogun lé kúrò nílé forí lé. Òpìtàn tí ó bá fẹ́ mọ bí àwọn ènìyàn ṣe tún ayé wọn tò lẹ́yìn ogun kò lè fo Afijió dá.

Níbo ni òpìtàn náà yóò ti rí ohun tí ó ń wá? Ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀ ni pé orísun méjì ni ó wà: ẹnu àwọn àgbà àti ìwé. A sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀tọ̀ ni ọ̀kan, ọ̀tọ̀ ni èkejì. Ní 1973 ni David Henige fi hàn, nínú ìwádìí rẹ̀ lórí àwọn Fante ní etí òkun Ghana, pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí àgbà kan ń sọ lónìí lè jẹ́ ohun tí ọmọ rẹ̀ kà sí i létí láti inú ìwé lánàá. Ìtàn kúrò lẹ́nu, ó bọ́ sínú ìwé, ó sì tún padà sẹ́nu. Bí ó bá ti padà tán, ó ṣòro láti mọ̀ pé ó ti rìn ìrìn-àjò kankan.

Bí èyí bá jẹ́ òtítọ́, ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bi: ìwé wo ni ó wà lọ́wọ́ àwọn ará ìlú tí wọ́n fi lè kà á? Kì í ṣe gbogbo ìwé tí a kọ ni ó wà lórí àtẹ. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé, ní ilẹ̀ Yorùbá, títẹ̀ àkọ́kọ́ kọ́ ni ó ń mú ìwé yè. Títẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì ni. Ẹni tí ó bá tún ìwé àtijọ́ tẹ̀ ni ó ń yan ohùn tí àwọn ọmọ ìlú yóò máa gbọ́ nípa àwọn baba ńlá wọn. Ní ìlú ńlá, ohùn pọ̀, ọ̀kan a sì máa tún èkejì ṣe. Ní ìlú kékeré bíi Fìdítì tàbí Ìlọrà, ìwé kan ṣoṣo tí ó wà lórí àtẹ lè di odindi ìtàn.

2. Bí a ṣe ń tún ìwé tẹ̀

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo bí iṣẹ́ náà ṣe rí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ìwé Yorùbá ni ó ti ọ̀dọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ wá. Ní ayé lẹ́tà òjé, ẹni tí ń to lẹ́tà a máa ṣa lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú àpótí, a tò wọ́n sí ìlà, a sì di wọ́n mọ́ inú férémù fún ẹ̀rọ. Bí iye ẹ̀dà tí a fẹ́ bá pé, wọn a tú lẹ́tà náà ká, wọn a dá a padà sínú àpótí kí wọ́n lè fi to iṣẹ́ mìíràn. Èyí ni pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìwé náà kò sí mọ́ àfi lórí bébà. Ẹni tí ó bá tún fẹ́ ẹ ní ọdún mẹ́wàá sí i yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, owó iṣẹ́ náà kò sì ní dín. Ìwé tí ó dájú pé yóò máa tà, bíi Bíbélì, ìwé orin àti ìwé ilé-ẹ̀kọ́, nìkan ni ó tọ́ kí a náwó sí láti rọ àwo irin rẹ̀ pamọ́.

Nígbà tí ẹ̀rọ tí ń fi àwòrán tẹ̀wé dé, iṣẹ́ náà rọrùn. A lè ya àwòrán ojú ewé ìwé àtijọ́, kí a sì tẹ̀ ẹ́ bí ó ti rí, láìto lẹ́tà kan. Ṣùgbọ́n wàhálà mìíràn yọjú. Ẹ̀dà tí a óò yà gbọ́dọ̀ mọ́ kedere. Ní èdè Yorùbá, àmì tíńtín tí ó wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ ni ó ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Bí ìwé bá ti gbó, tí yíǹkì rẹ̀ sì ti ṣá, àmì wọ̀nyí ni ó máa ń kọ́kọ́ parẹ́. Àwòrán kò lè dá ohun tí ojú kò rí padà.

Ọ̀rọ̀ àkọtọ́ tún wà níbẹ̀. Àkọtọ́ tí ìpàdé C.M.S. fi ọwọ́ sí ní Èkó ní 1875 ni ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ tẹ̀ lé. Ní 1974 ni a fi ọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́, tí 'aiye' di 'ayé', tí 'enia' sì di 'ènìyàn'. Láti ìgbà náà ni ẹni tí ó bá fẹ́ tún ìwé àtijọ́ tẹ̀ ti ń wà láàárín ọ̀nà méjì. Bí ó bá fi àkọtọ́ àtijọ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yóò máa kọsẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ó bá yí i padà, ó ti fi ọwọ́ kan iṣẹ́ ẹni tí kò sí láyé láti dá a lóhùn.

Nítorí náà, àtúntẹ̀ kì í ṣe ohun tí ń dá ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan ni ó gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹ, kí ó sì san owó rẹ̀. A lè pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní alágbàtọ́ ìwé. Nínú ìtàn ìwé Yorùbá, alágbàtọ́ mẹ́ta ni ó hàn gbangba: ìjọ, ilé-ẹ̀kọ́, àti ìdílé tàbí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Ìwé tí kò bá rí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta a máa kú bí ó tilẹ̀ wù kí ọgbọ́n inú rẹ̀ pọ̀ tó.

3. Ìwé Johnson: ọmọ tí ó ní alágbàtọ́

Kò sí ìwé tí ó fi èyí hàn bíi The History of the Yorubas ti Àlùfáà Samuel Johnson. Ọ̀yọ́ ni Johnson ti ń ṣe iṣẹ́ àlùfáà nígbà tí ó parí rẹ̀ ní 1897, ní ìtòsí Ìlọrà àti Awẹ́. Ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí òkè òkun kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó yẹ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Johnson kú ní 1901 láìrí i.

Bí kò bá ti ní àbúrò ni, ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó àwọn àkọsílẹ̀ àti ìwé ìdánwò tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, ó sì tún ìwé náà kọ. Ní oṣù kìíní 1916 ni ó fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ọkọ̀ ojú omi Appam. Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́. Ọkọ̀ ogun Jámánì kan mú Appam lójú òkun, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ó tó bí ọdún méjì kí ìwé náà tó dé ibi tí a rán an. Nígbà yẹn, bébà ti wọ́n gógó, a sì ní láti dúró kí ogun parí. Ní 1921 ni ìwé náà wá jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Obadiah fúnra rẹ̀ ti kú ní ọdún tí ó ṣáájú.

Ohun tí ó kan ọ̀rọ̀ wa jù ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn 1921. Ilé ìtàwé C.M.S. ní Èkó gba ìwé náà tọ́, wọ́n sì tún un tẹ̀ léraléra. Báyìí ni ìwé tí ó kọ́kọ́ ní ìdílé gẹ́gẹ́ bí alágbàtọ́ ṣe bọ́ sọ́wọ́ ìjọ, tí ó sì ti ọwọ́ ìjọ bọ́ sínú ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Gbogbo onímọ̀ ni ó gbà pé iṣẹ́ ńlá ni. Wọ́n sì gbà pé ojú Ọ̀yọ́ ni Johnson fi wo ilẹ̀ Yorùbá. Fún Afijió, tí ó wà lábẹ́ òjìji Ọ̀yọ́ gan-an, ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ ni èyí. Ìlú tí ó wà nínú ìwé náà gẹ́gẹ́ bí ibi tí ogun gbà kọjá tàbí ibi tí Aláàfin ní àṣẹ lé lórí lè bẹ̀rẹ̀ sí rí ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ohun tí ó mọ̀ nípa ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì máa rá.

4. Àwọn ìwé ìtàn tí a kọ ní Yorùbá

Johnson nìkan kọ́ ni ó kọ̀wé. Ní 1911 ni I. B. Akínyẹlé tẹ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde, tí ó sọ ìtàn Ìbàdàn àti díẹ̀ nínú àwọn ìlú agbègbè rẹ̀. Ní 1914 ni Ẹgbẹ́ Àgbà-ò-tán ní Ìbàdàn tẹ ìwé M. C. Adéyẹmí jáde, èyí tí ó dá lórí Ọ̀yọ́-Ilé àti Ọ̀yọ́ ìsinsìnyí. Èdè Yorùbá ni a fi kọ méjèèjì, kì í sì í ṣe àwọn òyìnbó ni a kọ wọ́n fún. Àwọn tí ó mọ̀wé nílé ni a ní lọ́kàn.

Ìwé méjèèjì jáde láàárín ọdún mẹ́ta síra wọn, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn yà. Akínyẹlé gùn, ó sì jẹ oyè. Ní 1955 ni ó di Olúbàdàn, ó sì wà lórí ìtẹ́ títí di 1964. Ìlú tí ó kọ ìtàn rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ìdílé rẹ̀ sì mọ iyì ìwé náà. A tún un tẹ̀ ní 1950, Kẹ́mi Morgan sì gbé ìtàn náà jáde ní Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn náà. Adéyẹmí kò rí irú alágbàtọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde kò tún un tẹ̀. Ìwé pélébé ni, irú ìwé tí eku àti ikán máa ń tètè parí. Ní 1989, ọdún 75 lẹ́yìn tí ó kọ́kọ́ jáde, ni Tóyìn Fálọlá àti Michel Doortmont gbé ìtumọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Journal of African History, pẹ̀lú àlàyé lórí ẹni tí ó kọ ọ́.

Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ méjèèjì yìí yẹ ní ìyìn. Bí kò bá sí wọn, orúkọ Adéyẹmí ìbá fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ ó yẹ kí a ṣe àkíyèsí ibi tí ìwé náà padà sí. Ó jáde lọ́dọ̀ àwọn tí ń sọ Yorùbá, ó padà wá ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, nínú ìwé tí àwọn ilé ìkàwé yunifásítì ń rà. Tíṣà ní Fìdítì tàbí bàbá kan ní Ìlọrà tí ó lè ka Yorùbá dáadáa, tí ìwé náà sì kàn gbọ̀ngbọ̀n, kò sí lára àwọn tí ó padà wá bá.

Ìwé kẹta tí ó yẹ kí a dárúkọ súnmọ́ ilé jù lọ. Samuel Òjó, Badà Ṣakí, òǹkọ̀wé ìtàn tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ ní ìhà Òkè Ògùn, kọ Ìwé Ìtàn Ọ̀yọ́, Ìkòyí àti Afijió. Orúkọ Afijió wà lára àkọlé rẹ̀, kí ó tó di orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí a mọ̀ lónìí. Robin Law àti àwọn onímọ̀ mìíràn tí wọ́n ṣe ìwádìí lórí ìjọba Ọ̀yọ́ mọ iṣẹ́ Òjó, wọ́n sì fi ṣe orísun. Ìwé irú èyí ni ó fi ìyàtọ̀ hàn láàárín kí a mọ ìwé àti kí ìwé wà. Orúkọ rẹ̀ lè wà ní ẹ̀yìn ìwé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n fún ọdún púpọ̀, kí ọmọ Afijió má sì fi ojú kàn án.

5. Líjàdù àti ilé ìtẹ̀wé Ọmọláyọ̀ ní Adó-Èkìtì

Ǹjẹ́ ilé iṣẹ́ kékeré lè ṣe ohun tí ìjọ àti ilé-ẹ̀kọ́ kò ṣe? Àpẹẹrẹ kan wà tí ó fi hàn pé ó ṣeé ṣe. E. M. Líjàdù, ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà tí ó ṣiṣẹ́ ní Oǹdó, kọ ìwé méjì lórí Ifá. Èyí àkọ́kọ́, Ifá, jáde kí ọ̀rúndún 19 tó parí. Èkejì, Ọ̀rúnmìlà, jáde ní ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú ọ̀rúndún 20. Líjàdù kò kórìíra ohun tí ó ń kọ nípa rẹ̀ bí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ìjọ ìgbà náà. Ó lọ kọ́ Ifá lọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, ó kọ ẹsẹ Ifá sílẹ̀, ó sì gbìyànjú láti wo ìmọ́lẹ̀ tí ó rí nínú wọn pẹ̀lú ojú onígbàgbọ́.

Ìwé báyìí kò rọrùn láti gbà tọ́. Ifá inú rẹ̀ pọ̀ jù fún ìjọ, ìgbàgbọ́ inú rẹ̀ sì pọ̀ jù fún àwọn babaláwo. Ilé-ẹ̀kọ́ kò sì lò ó. Ó pẹ́ kí ayé tó yí padà. Ní 1968 àti 1969 ni Wándé Abímbọ́lá tẹ apá kìíní àti apá kejì Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá jáde. Ní 1969 kan náà ni ìwé ńlá William Bascom lórí Ifá jáde ní Amẹ́ríkà. Ifá ti di ẹ̀kọ́ ní yunifásítì. Ní 1972 ni ilé ìtẹ̀wé Ọmọláyọ̀, Omolayo Standard Press, ní Adó-Èkìtì, tún ìwé Líjàdù méjèèjì tẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a kọ́ lára èyí. Èkíní ni pé Adó-Èkìtì ni iṣẹ́ náà ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe Èkó. Ilé ìtẹ̀wé ìlú, irú èyí tí ń tẹ ìwé ìkésíni, ìwé ìsìnkú àti rìsíìtì fún àwọn oníṣòwò àdúgbò, ní ẹ̀rọ tí ó tó láti gba ìwé là. Èkejì ni pé èdè Yorùbá ni àwọn ìwé náà fi padà wá, bí wọ́n ti lọ. Ẹ̀kẹ́ta ni ìkìlọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé àwọn onímọ̀, ọdún 1972 ni a ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Líjàdù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá fara balẹ̀ lè rò pé ẹgbẹ́ Abímbọ́lá ni, tàbí pé ẹ̀yìn Bascom ni ó kọ̀wé, nígbà tí ó jẹ́ pé ó ti kọ tirẹ̀ ní ohun tí ó lé ní 60 ọdún ṣáájú wọn. Àtúntẹ̀ tí kò bá fi ọjọ́ orí ìwé hàn gbangba a máa sọ baba di àbúrò ọmọ.

6. Ta ni ó kọ́kọ́ kọ ìtàn àròsọ?

Àpẹẹrẹ kan sí i yóò fi hàn pé ìtàn ìlú nìkan kọ́ ni àtúntẹ̀ ń tún ṣe. Ní 1929 sí 1930 ni I. B. Thomas ń tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, bí ẹni pé obìnrin kan ni ó ń kọ lẹ́tà sí olóòtú. Ní 1930 ó di ìwé. Ní 1938 ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà jáde. Ilé-ẹ̀kọ́ gba Fágúnwà tọ́; ilé iṣẹ́ Nelson ń tún àwọn ìwé rẹ̀ tẹ̀, ìran kan lẹ́yìn òmíràn sì kà wọ́n. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, Fágúnwà ni ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní Ìlọrin ní 1992, Bísí Ògúnṣínà bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìdàgbàsókè ìtàn àròsọ Yorùbá láti nǹkan bí 1930. Ṣùgbọ́n títí di 2012, tí Karin Barber tẹ Ṣẹ̀gilọlá jáde ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, tí ojú ewé kan dojú kọ èkejì, ó ṣòro fún akẹ́kọ̀ọ́ láti ka ohun tí olùkọ́ rẹ̀ ń sọ fún un. Ọgọ́rin ọdún ó lé méjì ni ó wà láàárín. Nínú gbogbo ìgbà yẹn, òótọ́ wà, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kò sí lórí àtẹ.

A rí ìdàkejì rẹ̀ ní Fìdítì. Ibẹ̀ ni a bí Tádé Ìpàdéọlá, akéwì tí ó gba ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ NLNG ní 2013. Ó ti túmọ̀ Ìrèké Oníbùdó ti Fágúnwà sí Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ rẹ̀ ṣeé ṣe nítorí pé ìwé Fágúnwà kò fìgbà kan wọ́n. Ìwé tí a kò rí rà kò ní atúmọ̀. Ìwé tí kò sì ní atúmọ̀ kò ní rìn dé ibi tí òkìkí wà.

7. Owó, òfin àti bébà

Bí àǹfààní àtúntẹ̀ bá pọ̀ tó báyìí, kí ni ó dé tí irú iṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé Ọmọláyọ̀ kò fi pọ̀ káàkiri? Ìdí àkọ́kọ́ ni ọjà. Ní àwọn ọdún 1960 sí 1970, àwọn ilé iṣẹ́ kan ní òkè òkun rí i pé àwọn yunifásítì tuntun ní ilẹ̀ Áfíríkà àti Amẹ́ríkà ń wá ìwé àtijọ́. Frank Cass ní Lọ́ńdọ̀nù, fún àpẹẹrẹ, tún Ethiopia Unbound tí Casely Hayford kọ ní 1911 tẹ̀ ní 1969. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ irú ìwé wọ̀nyí, ilé ìkàwé sì ni oníbàárà wọn. Ìwé ìtàn ìlú tí a fi Yorùbá kọ kò ní irú ọjà bẹ́ẹ̀.

Ìdí kejì ni bébà. Ilé iṣẹ́ bébà Jẹ́bbà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1969, ṣùgbọ́n kò kájú àìní orílẹ̀-èdè. Òkè òkun ni a ti ń ra èyí tí ó pọ̀. Nígbà tí ìjọba dín iye owó náírà kù ní 1986, owó bébà, yíǹkì àti ẹ̀rọ fò sókè. Ìwé ilé-ẹ̀kọ́, tí títà rẹ̀ dájú, ni àwọn òǹtẹ̀wé dì mú. Ìwé àtijọ́ di ohun tí a ń fi sí ẹ̀yìn ọ̀la.

Ìdí kẹta ni òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé. Ní Nàìjíríà, ẹ̀tọ́ náà wà títí di òpin 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tí òǹkọ̀wé kú. Johnson, tí ó kú ní 1901, ti kúrò lábẹ́ rẹ̀ tipẹ́. Akínyẹlé kú ní 1964; ìwé rẹ̀ wà lábẹ́ ààbò títí di òpin 2034. Ti Fágúnwà, tí ó kú ní 1963, yóò parí ní òpin 2033. Òfin yìí dára, nítorí pé ó ń dáàbò bo àwọn ọmọ òǹkọ̀wé. Ṣùgbọ́n ó gba kí òǹtẹ̀wé wá ìdílé náà rí, kí wọ́n sì bá ara wọn ṣàdéhùn. Fún òǹkọ̀wé ìlú kékeré, tí ìwé rẹ̀ kò fi ọjọ́ ikú tàbí àdírẹ́sì rẹ̀ hàn, ìwádìí yìí lè gba àkókò ju títẹ̀ ìwé lọ.

8. Ohun tí ó kù sí Afijió lọ́wọ́

Ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí lágbára, ṣùgbọ́n wọn kò lágbára bákan náà mọ́. Kọ̀ǹpútà ti mú kí títo lẹ́tà àti fífi àmì sí ọ̀rọ̀ Yorùbá rọrùn, a sì lè tẹ ẹ̀dà díẹ̀ láìsí pé a pàdánù owó rẹpẹtẹ. Àwọn ìlú Yorùbá sì ní alágbàtọ́ tí ilé iṣẹ́ ńlá kò ní: ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀. Ẹgbẹ́ wọ̀nyí ni ó dá owó jọ láti kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn ní ìlú púpọ̀. Ẹgbẹ́ tí ó lè dá owó fún gbọ̀ngàn lè san owó ìwé kan sílẹ̀ kí ó tó jáde. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Níbi tí ọ̀rọ̀ le ni bí a óò ṣe tún ìwé náà tẹ̀. Ìwé ìtàn ìlú kì í ṣe ohun eré. Wọ́n ń gbé e lọ sí kóòtù lórí ọ̀ràn ilẹ̀. Wọ́n ń fi jiyàn lórí oyè. Ẹgbẹ́ tí ó bá ń san owó àtúntẹ̀ yóò rí ojú ewé kan tí ó sọ pé ìlú tirẹ̀ ni àbúrò, tàbí pé ìdílé kan ni ó kọ́kọ́ dé. Ìdánwò yóò wà láti yọ ọ́. Bí ó bá yọ ọ́, ó ti pa ìwé náà ní ọjọ́ tí ó jí i dìde. Níwọ̀n bí ẹ̀dà àkọ́kọ́ ti ṣọ̀wọ́n, kò ní sí ẹni tí yóò mọ̀ pé a yọ nǹkan. Láàárín ìran kan, àwọn àgbà yóò máa sọ ohun tí a tún ṣe náà bí ẹni pé ó ti ẹnu baba wọn wá. Ohun tí Henige rí láàárín àwọn Fante nìyí, ṣùgbọ́n ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Ọ̀nà tí ó tọ́ kò ṣòro láti sọ. Kí a tẹ ìwé náà bí òǹkọ̀wé ti fi í sílẹ̀. Kí ọdún tí ó kọ́kọ́ jáde àti orúkọ ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ wà ní ojú ewé àkọ́kọ́, lókè ọdún tuntun. Bí a bá yí àkọtọ́ padà, kí a sọ ọ́. Kí gbogbo àríyànjiyàn, ti Fìdítì, ti Ìlọrà, ti Awẹ́, wà ní ẹ̀yìn ìwé, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Lọ́nà yìí, ìwé kan yóò gbé ohùn púpọ̀, òpìtàn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò sì lè ya ohun tí òǹkọ̀wé rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí àwọn ọmọ ìlú fi kún un.

9. Àsọkágbá

Ìtàn ìwé Johnson kọ́ wa pé ìwé tí ó sọnù lè padà bí ó bá ní ẹni tí yóò dúró tì í. Ti Adéyẹmí kọ́ wa pé ìwé lè padà kí ó má dé ilé. Ti Líjàdù fi hàn pé ilé ìtẹ̀wé kékeré ní ìlú tí kì í ṣe Èkó tó láti ṣe iṣẹ́ náà, ó sì kìlọ̀ fún wa nípa ọjọ́ orí. Ti Ṣẹ̀gilọlá fi hàn pé ohun tí a ń pè ní ìbẹ̀rẹ̀ lè jẹ́ ohun tí a rí rà lásán.

Ó kù ìwé tí orúkọ Afijió wà lára àkọlé rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá ṣì wà nínú àpótí àti ní ẹ̀yìn ìwé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan, ohun tí a óò máa gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà Fìdítì àti Ìlọrà yóò máa jọ ti Johnson sí i lọ́dọọdún, àwọn olùwádìí yóò sì máa yọ̀ pé ẹnu àti ìwé bára mu. Ó lè jẹ́ pé ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbọ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì.